Kíláàsì Intermediate Algebra ní community college: ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ìdánwò àárín sáà ló mú mi bínú débi tí mo fi ní mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí. Inú yàrá ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, irú tí wọ́n ti ń kàwé ọdún méjì ní Amẹ́ríkà, la ti ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti gba fóònù àti báàgì lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè kan ní ká wá x:

x/(x − 3) = 3/(x − 3) + 2

Ẹni tó bá fi x − 3 sọ ọ́ di púpọ̀ lápá méjèèjì á rí x = 3 + 2x − 6, ibi tó sì máa já sí ni x = 3. Bẹ́ẹ̀, 3 gan-an ni kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, torí ó máa sọ ìsàlẹ̀ ìdá méjèèjì di òdo, kò sì sí bí a ṣe ń fi òdo pín nǹkan. Ìdọ́gba yẹn ò ní ìdáhùn kankan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tẹ "no solution" síbi tí wọ́n ní ká kọ ìdáhùn sí. Ẹ̀rọ fi àmì pupa sí i. Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n ya ∅ sí, àmì pé kò sí ìdáhùn, òun ni wọ́n fẹ́ ká tẹ̀! Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìdánwò náà, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ fa igi lé, máàkì mi sì já sí D. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹni tí kò bá gba C kò lè kọjá sí kíláàsì tó kàn.

Mo lọ bá obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá ìdánwò. Ó ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ máàkì, kí n lọ sí ẹ̀ka ìṣirò lókè. Mo gòkè lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi. Mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Ó ní kí n pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ. Mo pè é níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé e béèrè orúkọ mi, ó béèrè nọ́ńbà kíláàsì, ó fi orin sí i fún mi títí, nígbà tó padà dé ó ní olùkọ́ nìkan ló lè yí máàkì padà. Ni akọ̀wé bá tún bi mí pé níbo ni iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ṣe wà, torí láìsí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ. Bébà tí mo fi ṣe iṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń jáde! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń tì í bọ ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, gbogbo wọn ló ń kí mi pé ó dàbọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dìde lórí àga.

Mo sáré padà sísàlẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn wò mí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí mi ò tíì bọ́ láti òru. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí bébà mi, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì buwọ́ lù ú pé òun ló gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Kò jẹ́ kí n dúpẹ́ púpọ̀. Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ náà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé kíláàsì yìí, torí ọ̀pọ̀ wa tá a wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń ṣe é fún. Maryland ni mo wà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe lóru, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì fẹ́ kọ́. Mo ní kírẹ́díìtì nínú Mathematics ní WAEC. Agbaninímọ̀ràn tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ ò tiẹ̀ yí ìwé náà wò. Ó ní kí n lọ ṣe ALEKS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ kíláàsì tó yẹ èèyàn, ìbéèrè rẹ̀ kì í ju 30 lọ. Láti ibi iṣẹ́ òru ni mo ti lọ ṣe é, kíláàsì yìí ló sì jù mí sí. Ohun tí agbaninímọ̀ràn yẹn kò sọ fún mi ni pé èèyàn lè tún un ṣe, àti pé ẹ̀kọ́ àtúnyẹ̀wò wà nínú owó tá a san, tí èèyàn lè fi múra kó tó padà lọ. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí sáà ti wọlé tán.

Kí ló burú nínú ìyẹn? Kíláàsì yìí kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ìwé ẹ̀rí èèyàn. A ń sanwó rẹ̀, a ń fi oorun wa ṣe é, kò sì dín ọ̀kan kù nínú ohun tó kù láti kọ́. Owó Pell tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lè san án, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ: kírẹ́díìtì 30 péré, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kíláàsì níbí, ni wọ́n lè fi san irú kíláàsì àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní California, wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní AB 705 lọ́dún 2017, tó ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì máa wo máàkì tí èèyàn gbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó pinnu kíláàsì tó máa wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ mú èsì WAEC yín dání, ẹ béèrè pé kí wọ́n wò ó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ọ̀gá wọn.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa kì í ṣe tuntun. Indices tí a mọ̀ nílé ni wọ́n ń pè ní exponents, surds di radicals, simultaneous equations di systems. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ etí á mọ́ ọn.

Olùkọ́ mi ló yí ìbínú mi padà. Bàbá kan tó wá láti Etiópíà ni, adjunct ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń gbà sáà sí sáà tí wọ́n sì ń sanwó fún níye kíláàsì tó bá kọ́. Kò ní ọ́fíìsì. Ìdí ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń rí wa. Àwọn tó kù nínú kíláàsì ń fi orúkọ àbísọ pè é. Ẹnu mi ò lè pè é bẹ́ẹ̀, "Prof" ni mò ń pè é, òun náà sì ń pe èmi ní "Mama" bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tiwọn. Mo gbé bébà mi fún un. Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mama, iṣẹ́ yín dáa. Ẹ̀yin lẹ gbà á, ẹ̀rọ ló kùnà." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lójú mi, ó dá máàkì mi padà. Kò dúró síbẹ̀ o: ó wo ti gbogbo kíláàsì, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ "no solution" ló dá tiẹ̀ náà padà. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un lórí wákàtí yẹn.

Lọ́jọ́ mìíràn tó dé orí quadratic, ìyẹn ìdọ́gba tó ní x² nínú, mo pariwo "almighty formula" bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Ó ní orúkọ yẹn yẹ ẹ́, ṣé mo mọ ibi tó ti wá? Nílé, orí la fi há a: minus b, plus or minus, títí dé ìsàlẹ̀ 2a. Ó kọ x² + 10x = 39 sójú pátákó, ó ní ìṣirò tí al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́ kan, ṣe ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án nìyí. Ó ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x. Ó pín 10 sí méjì, ó lẹ ọ̀pá tó fẹ̀ ní 5 mọ́ apá ọ̀tún, ó tún lẹ òmíràn mọ́ ìsàlẹ̀. Igun kan ṣófo. Ó ní, "Kí ló máa dí i?" Igun náà jẹ́ 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Tá a bá fi 25 kún 39, ó di 64, ẹ̀gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8, tá a bá yọ 5 kúrò, x jẹ́ 3. Ó wá ní fọ́múlà tún máa fún wa ní −13, ṣùgbọ́n al-Khwarizmi kì í ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí ìdáhùn. Láti ìgbà tí mo ti ń lo fọ́múlà yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pẹ̀lú ojú mi. Inú mi dùn débi pé mo kọ́ ọmọ mi nígbà tí mo délé.

Ibi ìrànwọ́ ìṣirò náà dáa, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí síbí ló sábà máa ń jókòó tì mí. Yorùbá rẹ̀ ò já gaara, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé "Ẹ káàsán, Àǹtí" ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ fún èèyàn. Á ní, "Àǹtí, ẹ tún un kà sókè fún mi." Aago méje ni wọ́n ń tì í. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán nínú wa ò lè dé kí ó tó di aago yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló nílò rẹ̀.

Kóòdù tí wọ́n ní ká rà ká tó lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn ni mi ò ní dárí jì wọ́n lórí rẹ̀. Ó lé ní dọ́là 100, sáà ń parí ni kóòdù náà kú, èèyàn ò lè padà wo iṣẹ́ tó ti ṣe. Ìwé Intermediate Algebra ti OpenStax sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2017, àwọn Rice University ní Houston ló ń gbé e jáde. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé ní tòótọ́. Kalikulétọ̀ TI-84 náà, ẹ má rà á, ilé ìkàwé ń yá èèyàn.

Mo gba B. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún Statistics. Mo béèrè ní ẹ̀ka ìṣirò bóyá Prof ló máa kọ́ wa, akọ̀wé ní wọn ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà á ní sáà tó ń bọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka lórí rẹ̀, mo sì ti ní káwọn tá a jọ wà ní kíláàsì kọ tiwọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.