Ẹ má ra kọ́míìkì inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọkùnrin yìí

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kọ́míìkì àtijọ́ kiri bíi tèmi, bí ọkùnrin kan bá kàn sí yín lórí WhatsApp pé òun ní Tom and Jerry, Yogi Bear àti Scooby-Doo, márùn-ún nínú ọ̀rá kan, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́ o. Ó ti gba ₦18,000 lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìtàn tó fi mú mi dùn ún gbọ́. Ó ní bàbá kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn látìgbà tí wọ́n ti dá WNTV sílẹ̀ lọ́dún 1959 ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ta ẹrù. Èmi tí mo máa ń sá kúrò ní ilé-kéwú kí n lè lọ yọjú lójú fèrèsé aládùúgbò wa, níbi tí eku ti ń fi ológbò ṣẹ̀sín, ṣé irú mi ló máa bèèrè orúkọ bàbá náà? Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́, la ti pàdé. Ó ti fi sẹ́lótéèpù dí ọ̀rá náà gbọn-in. “Ẹ má tú u níbí o, ẹ̀gbọ́n, atẹ́gùn ló ń ba bébà àtijọ́ jẹ́.” Mo rí Tom and Jerry lókè, ó ti gbó dáadáa, mo sanwó.

Ilé ni mo ti tú u. Ti òkè yẹn nìkan ni ojúlówó. Bí mo ṣe ṣí Scooby-Doo báyìí, òórùn tíì ló kí mi káàbọ̀! Wọ́n rẹ bébà sínú tíì kó lè jọ ohun tó ti pẹ́. Ìwé tó gbó fúnra rẹ̀, etí ló ti máa ń pọ́n wọ inú díẹ̀díẹ̀. Èyí ní àbàwọ́n káàkiri bí ibi tí omi gbẹ sí lára aṣọ, àárín tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sì funfun báláú. Pín-ìnnì tí wọ́n fi dè é ṣì ń dán.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. 1963 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀! Oṣù kẹsàn-án 1969 ni Scooby-Doo kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, 1970 sì ni ilé-iṣẹ́ Gold Key bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ́míìkì rẹ̀. Ṣé wọ́n ń sọmọ lórúkọ kí ìyá rẹ̀ tó lóyún ni? Yogi Bear tó ní ti 1965 ni, àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà ní sùpamákẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1976 ni ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ara kọ́míìkì.

Mi ò bá ẹni tó ń ta àtúntẹ̀ jà. Àtúntẹ̀ lọmọ mi ń kà. Kó ṣáà pè é ní àtúntẹ̀, kó sì gbowó àtúntẹ̀.

Ẹ tú ọ̀rá lójú ẹni tó ń tà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá ní dígí tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ fi wo àwọ̀ rẹ̀: ti àtijọ́ jẹ́ tótòtó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà á kàn fọ́n káàkiri ni.

Nọ́ńbà tó fi pè mí kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n lánàá mo rí ọjà tuntun lábẹ́ orúkọ mìíràn, orí aṣọ tábìlì kan náà tó tẹ́ tèmi sí ló tẹ́ ẹ sí ya fọ́tò rẹ̀: aláwọ̀ ewé ni, olódòdó pupa, áyọ́ọ̀nù ti jó igun rẹ̀ kan.