Ẹ ṣọ́ra o: kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì ni wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ bùrọ́ílà

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń sin adìẹ ẹran nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí alágbàtà òròmọdìẹ kankan. Jìbìtì kan wà nílẹ̀ tó ń jẹ àwọn èèyàn lówó gan-an, èmi náà sì wà lára àwọn tí wọ́n lù. Bùrọ́ílà, ìyẹn adìẹ ẹran tó tètè ń tóbi, ni mo sanwó fún. Akọ adìẹ ẹyin, ìyẹn kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì, ni wọ́n kó wá. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá gan-an ni mo fẹ́ kó yé yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Hatchery (ilé iṣẹ́ tí òròmọdìẹ ti ń jáde láti inú ẹyin) tó ń ṣe òròmọdìẹ fún àwọn tó ń ta ẹyin, abo nìkan ló wúlò fún un. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì òròmọdìẹ tó bá jáde ló máa jẹ́ akọ. Akọ yìí ò ní yé ẹyin, kò sì ní gbé ẹran bíi bùrọ́ílà, nítorí náà owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ hatchery tilẹ̀ ń pa á dànù lọ́jọ́ tó bá jáde, débi pé Jámánì fi òfin de àṣà náà láti oṣù kìíní ọdún 2022. Ohun tí àwọn alágbàtà yìí ń ṣe ni pé wọ́n á lọ kó èyí tó rọ̀ lówó yẹn, wọ́n á wá gbé e fún wa ní iye bùrọ́ílà.

Ẹ ó ní ṣé ẹni tó ń rà á ò lójú ni? Ó lójú o. Lára adìẹ ẹyin aláwọ̀ pupa tó wọ́pọ̀, bí ISA Brown, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde: abo á pupa, akọ á jẹ́ yẹ́lò. Bùrọ́ílà náà, yẹ́lò ló ń jáde. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bí 40 gíráàmù ni kálukú wọn máa wọ̀n. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí adìẹ lè wo ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ bùrọ́ílà máa ń ki, àyà rẹ̀ á sì fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú páálí tó kún fọ́fọ́, lálẹ́, tí awakọ̀ ń fọn fèrè pé òun fẹ́ máa lọ, ta ló ráyè wo ẹsẹ̀?

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yan alẹ́ yẹn ni. Páálí òròmọdìẹ 100 sábà máa ń ní yàrá mẹ́rin, 25 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá tó wà nítòsí ọwọ́ alágbàtà ni á ṣí fún yín, á mú ọ̀kan jáde, ẹ ó rí i pé ó ki, ó sì já fáfá. Bùrọ́ílà gidi ni. Yàrá mẹ́ta tó kù ni iṣẹ́ wà. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí orúkọ hatchery ńlá tó wà lára páálí fi yín lọ́kàn balẹ̀, torí páálí àlòkù ò wọ́n níbì kankan.

Ọjọ́ keje ni àṣírí wọn máa ń tú. Bùrọ́ílà tí wọ́n tọ́jú bó ṣe yẹ máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n tó fi jáde kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, èyí tó bá jáde ní 40 gíráàmù á ti tó 160, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì ò ní ju nǹkan bí ìlọ́po méjì lọ. Ẹ mú mẹ́wàá láìṣà wọ́n, ẹ kó wọn sínú ike kan, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀, ẹ yọ ìwọ̀n ike kúrò, kí ẹ wá pín in sí mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ti tó fún iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ní agbára, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra òròmọdìẹ láì ní òṣùwọ̀n nílé.

Ní tèmi, ìyẹ́ apá wọn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fu mí. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ìyẹ́ ti gùn dé ìdí, ìrù ti ń yọ, ẹsẹ̀ wọn sì tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Wọ́n ń fò lé orí ike omi, wọ́n ń bà lé etí páálí tí mo fi yí wọn ká, àwọn kan ti ń na ọrùn sí ara wọn bí àkùkọ tó fẹ́ jà. Bùrọ́ílà ọ̀sẹ̀ méjì kì í ráyè irú eré bẹ́ẹ̀. Á jẹun, á mu omi, á jókòó ti oúnjẹ rẹ̀ títí ebi á fi tún pa á.

Mo pe ọkùnrin tó tà wọ́n fún mi. Ó ní iná tí mo tàn fún wọn ni ò tó. Mo ní mo ní ohun tí mo fi ń wọn ooru, ó wà láàárín 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé oúnjẹ tí mo rà ló bàjẹ́. Mo fi fídíò ránṣẹ́, ó ní irú bùrọ́ílà tuntun kan ni, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ara. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mi mọ́.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí mo mọ àwọn tó gbà á gbọ́, tí wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi, tí wọ́n ń ra fítámì lórí fítámì. Ẹ má gbà fún wọn. Lóòótọ́, òtútù àti oúnjẹ tí kò dára lè mú kí bùrọ́ílà ràn, kó má dàgbà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bùrọ́ílà tó ràn kì í ràn dọ́gba: ẹ ó rí èyí tó tóbi, ẹ ó rí èyí tó kéré, àyà wọn á ṣì fẹ̀. Bí gbogbo agbo bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gbadọ́gba, tí ara wọn yá gágá, tí wọ́n ń fò kiri, kì í ṣe ìtọ́jú ló kù síbì kan. Irú adìẹ yẹn ni kì í ṣe bùrọ́ílà.

Ẹ wo ohun tó ń jẹ wá lówó. Bùrọ́ílà, bíi Cobb 500 tàbí Ross 308, lè kọjá kílò méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kẹfà bí ìtọ́jú bá péye, kò sì ní jẹ tó kílò méjì oúnjẹ kó tó gbé kílò ẹran kan. Lọ́sẹ̀ kẹfà kan náà, kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì á wà ní nǹkan bí ìdajì kílò. Oúnjẹ bùrọ́ílà tó wọ́n gógó ló ń jẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn o, àwọn tó ti sọ pé àwọn máa ra ẹran lọ́wọ́ yín sì ti lọ ra tiwọn níbòmíràn.

Wọ́n tún ń kó àwọn tí hatchery ti ṣà dànù mọ́ ọn: èyí tí ìdodo rẹ̀ ò tíì pa dé, èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà. Ẹ dá òròmọdìẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ní ìlera á yí padà dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Èyí tó bá ń jà pàtìpàtì, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, torí èyí tí ìdodo rẹ̀ bá ti gba kòkòrò kì í sábà lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó adìẹ fún ẹni tó ń bá yín pa á, ẹ wọ̀n wọ́n láàyè kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ìyẹ́, orí, ẹsẹ̀ àti ìfun, ẹran tó yẹ kó padà wá jẹ́ nǹkan bí 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn. Àwọn kan ń fi arúgbó adìẹ ẹyin pààrọ̀ ọ̀dọ́ bùrọ́ílà. Ẹ fọwọ́ tẹ ìdí egungun àyà rẹ̀: ti ọ̀dọ́ á rọ̀, á tẹ̀, ti arúgbó á le gbagidi.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ béèrè ìwé tó sọ irú adìẹ náà, ọjọ́ tó jáde àti àjẹsára tó gbà, kí ẹ sì fúnra yín pe hatchery tó kọ ọ́. Ẹ má san gbogbo owó tán kí ẹ tó ṣí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí alágbàtà bá ní òun ò lè dúró dè yín, ẹ jẹ́ kó máa gbé páálí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá oúnjẹ bùrọ́ílà dúró, ẹ bọ́ sí oúnjẹ grower, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà, kí ẹ sì múra sílẹ̀ pé ó lè tó oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kí wọ́n tó ní ẹran lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà wọ́n fún ẹlòmíràn ní orúkọ bùrọ́ílà. Ẹ tọ́jú páálí, ẹ̀rí owó tí ẹ san àti àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ọjọ́ keje, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí hatchery tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, torí àwọn náà á fẹ́ mọ ẹni tó ń lo orúkọ wọn.