Saphyr àbí MinION: èwo ni kí ẹ rà sí ilé àyẹ̀wò l'Óṣogbo?

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ fi hàn yín. Ẹ̀rọ méjèèjì ló ń yẹ DNA wò, ìyẹn okùn tín-ínrín inú ara tí wọ́n fi lẹ́tà A, C, G àti T kọ àbùdá sí, àmọ́ ọ̀tọ̀ niṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe.

Saphyr, tí Bionano ṣe l'Amẹ́ríkà, kì í ka lẹ́tà DNA. Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ àmì tó ń tàn mọ́ gbogbo ibi tí lẹ́tà CTTAAG bá ti tẹ̀ léra, iná mànàmáná á wá fa DNA náà wọ ọ̀nà tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 45 nánómítà lọ. Ibẹ̀ há débi pé DNA kò ráyè ká kò. Àfi kó nà gbọọrọ. Kámẹ́rà á ya àwọn àmì náà, kọ̀ǹpútà á wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra, á fi ya máàpù. Bí apá kan krómósómù (ìdì DNA inú ara) bá já lọ lẹ̀ mọ́ òmíràn, bíi ti krómósómù 9 àti 22 nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML, á hàn kedere. Àmọ́ bó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, bíi ti àwọn SS, kò ní rí i. Ti SS yẹn, àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tó wà nílẹ̀ ti tó. Ẹ má torí ẹ̀ ra ìkankan.

MinION, ti Oxford Nanopore, kò wúwo tó fóònù, ara láptọ́ọ̀pù lẹ máa kì í bọ̀. Lẹ́tà gan-an ló ń kà. Wọ́n gbé e lọ sí Gínì lásìkò Ebola ní 2015, ó sì ṣiṣẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni DNA tí kò gùn tó. Saphyr ń fẹ́ èyí tó tó 150,000 lẹ́tà sókè, láti inú ẹ̀jẹ̀ tútù tàbí èyí tó ti wà nínú fírísà -80°C. Irú DNA bẹ́ẹ̀ máa ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ má gbọn ìgò rẹ̀ rárá. Pípẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ fi fà á, díẹ̀díẹ̀. MinION ń gba èyí tó kúrú náà, àmọ́ inú fíríìjì, 2 sí 8°C, ni flow cell rẹ̀, ìyẹn páálí kékeré tí DNA ń gbà kọjá, ń gbé, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Ẹ ti mọ bí iná wa ṣe rí: ẹ ra inverter ṣáájú ẹ̀rọ.

Tó bá jẹ́ kòkòrò àrùn lẹ̀ ń lé, mo ní kí ẹ ra MinION. Ẹ tún yà sí ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ní Redeemer's University, Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ka gbogbo lẹ́tà Kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2020. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, Saphyr dára jù, ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn bíi mélòó kan dá owó ọ̀hún jọ, kí ẹni tó ń tà á sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó máa wá tún un ṣe.