Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá kọ̀ǹpútà tó máa gbé Windows 7 tàbí XP: "G3" kì í ṣe third generation

Bí ẹ bá ń wá láptọ́ọ̀pù tàbí désítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ nítorí ẹ̀rọ mónógíráàmù, nítorí CNC tó ń gé pákó, tàbí nítorí software ìṣirò àtijọ́ tí kò fẹ́ rí Windows 10 sójú, ẹ má tíì sanwó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn ọlọ́jà kan fi ń mú èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, sísítẹ́ẹ̀mù tó ń gbé Windows 11, ṣé Windows 7 ló máa wá wúwo fún un?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Irọ́ ni.

Windows kì í ṣe ẹrù tí alágbára lè gbé láìlàágùn torí pé ó fúyẹ́. Láàárín Windows àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà: driver nìyẹn. Oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, XP sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Ẹ̀yà ara tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, Windows wọ̀nyí ò mọ̀ ọ́n, àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ògbufọ̀ fún un. Tó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọn kì í kọ ọ́ mọ́.

Èyí tó ń mú èèyàn jù ni HP EliteBook 840 G3. Ọlọ́jà á ní, "G3, third gen nìyẹn, XP máa wọ̀ ọ́ dáadáa." G yẹn ń ka iye ìgbà tí HP ti tún 840 gbé jáde ni, kò bá generation (ìran) processor Intel, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tan rárá. G1 ń lo Intel generation 4, G2 ń lo 5, G3 ń lo 6, G4 àti G5 sì sábà máa ń lo 7 àti 8. Nọ́ńbà processor gan-an ni kí ẹ kà. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé dáàṣì: i5-3320M, generation 3 ni, i5-6300U, generation 6 ni. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, bí i5-520M, generation 1 ni. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, bí i5-10210U, generation 10 ni.

Dell náà ní tirẹ̀. OptiPlex 7010 ti ọdún 2012 jẹ́ generation 3, ó sì dára gan-an fún XP àti Windows 7. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, Dell tún gbé OptiPlex mìíràn jáde, ó sì sọ ọ́ ní 7010 bákan náà. Generation 12 tàbí 13 ni ìyẹn. Ẹni tó bá ka "OptiPlex 7010" lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi owó ránṣẹ́ lè gba kọ̀ǹpútà tó dára, tó tuntun, tí kò sì wúlò fún un.

Ẹ má gbára lé sítíkà tó wà lára rẹ̀, torí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Orúkọ processor tí Windows ń fi hàn nínú System náà ṣeé yí: inú registry, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, ló ti ń kà á, èèyàn lè kọ "Core i7" síbẹ̀ lórí i3. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún un tàn, ó máa ń padà sí bó ṣe wà, àyàfi bí wọ́n bá ti fi ètò kékeré kan síbẹ̀ tó ń tún un yí nígbàkigbà tó bá tàn. Inú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ ti wò ó. Bọ́tìnì tí ẹ ó tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn nìyí: F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad. Ẹ sì tún lè gbé CPU-Z, ètò tó ń fi irú processor hàn, lọ nínú fíláàṣì tiyín.

Bí ọlọ́jà bá ti wá tan ẹ̀rọ fún yín, tí ẹ rí Start roboto àti àwòrán aláwọ̀ búlúù tó ní àmì Windows láàárín, ẹ má tíì yọ̀. Wọ́n ń fi aṣọ Windows 7 wọ Windows 10. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Windows 7 tó pé á sọ Version 6.1, Build 7601, Service Pack 1. XP á sọ Version 5.1, Build 2600, Service Pack 3 sì ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá sọ nǹkan mìíràn, bíi Version 22H2, aṣọ lẹ rí.

Ibi tó tún wá burú ni kí ó jẹ́ Windows 7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti fi tipátipá gbé e wọlé láìsí ògbufọ̀. Ojú ẹ̀rọ á mọ́lẹ̀, mouse yóò máa rìn, ẹ ó rò pé ó tán. Ẹ tún tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ devmgmt.msc kí Device Manager ṣí. Bí ẹ bá rí "Standard VGA Graphics Adapter" lábẹ́ Display, ògbufọ̀ àwòrán kò sí. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní ṣeé dín kù, fídíò á máa gé, mọ́nítọ̀ kejì kò ní ṣiṣẹ́. Àmì ìyanu tó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kan túmọ̀ sí pé nǹkan náà ti kú fún Windows yẹn. "Màá wá driver rẹ̀ fún yín tó bá di ọ̀la" kì í ṣe ìdáhùn, torí ó ṣeé ṣe kí driver ọ̀hún má sí láyé.

Èwo ló wá ń gbé kí ni?

Fún Windows 7, generation 1 dé 5 kò ní wàhálà. Generation 6 gbà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Láti generation yìí ni Intel ti yọ USB àtijọ́ kúrò pátápátá, USB 3.0 nìkan ló kù, Windows 7 kò sì ní ògbufọ̀ rẹ̀ nínú. Bí ẹ bá fi fíláàṣì fi í sí i, á dé ìdajì, á wá sọ pé "A required CD/DVD drive device driver is missing." Èèyàn á rò pé fíláàṣì ló bàjẹ́, á lọ ra òmíràn. Kò bàjẹ́, Windows kò rí ihò USB tí ẹ fi fíláàṣì náà sí ni. Driver USB 3.0 gbọ́dọ̀ ti wà nínú fíláàṣì yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí SSD (ibi tí fáìlì ń gbé) inú rẹ̀ bá sì jẹ́ NVMe, irú ti òde òní, àtúnṣe KB2990941 àti KB3087873 tún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí SSD náà. Ó rọrùn jù kí ẹ fi SSD SATA, irú ti àtijọ́, sí i.

Generation 7: Microsoft ti ní Windows 10 nìkan ni òun fọwọ́ sí lórí rẹ̀, Windows Update sì kọ̀ láti fún Windows 7 ní àtúnṣe lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ "Unsupported hardware". Láti 8 lọ, ẹ má retí driver àwòrán Windows 7 lọ́dọ̀ Intel. Àwọn tó tuntun jù kò ní CSM nínú BIOS mọ́, ìyẹn ni pé wọn kò lè ṣe bí BIOS àtijọ́. Lórí irú wọn, Windows 7 á dé "Starting Windows", á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

XP le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Generation 3 ni òpin ibi tí Intel ti kọ driver àwòrán fún un. Àwọn tó dáa nìyí: ThinkPad T420 àti T430, Latitude E6420 àti E6430, EliteBook 8460p àti 8470p, OptiPlex 790 àti 7010 ti 2012, HP Compaq 8200 Elite àti 8300 Elite. Core 2 Duo tún fara balẹ̀ jù wọ́n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà ń fojú tín-ínrín rẹ̀. Nínú BIOS, ẹ yí SATA, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá ibi tí fáìlì ń gbé sọ̀rọ̀, kúrò ní AHCI sí IDE. Dell ń pè é ní ATA, ThinkPad ń pè é ní Compatibility. Ẹni tí kò bá yí i á rí ojú búlúù pẹ̀lú 0x0000007B. Lórí T430, ẹ pa USB 3.0 nínú BIOS. Bí E6430 tàbí T420 yín bá ní káàdì NVIDIA pẹ̀lú, ẹ pa Optimus, ètò tó ń pín iṣẹ́ láàárín káàdì àwòrán méjì, torí XP kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta RAM 16 GB fún yín tìtorí XP: 32-bit ni, kò lè kọjá 4 GB, ohun tó sì máa rí gan-an kò ní tó 4 náà.

Ibi tí ẹ ó ti ṣe gbogbo ìyípadà yìí ni BIOS, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wọ inú rẹ̀ níwájú ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ òkè òkun, pásíwọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sì ṣì wà nínú wọn. Kọ̀ǹpútà á tàn, Windows á ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí AHCI. Ti ThinkPad le jù: yíyọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò ní pa supervisor password rẹ́. Bí ọlọ́jà bá ní "BIOS ò ṣe pàtàkì", ẹ kúrò níbẹ̀.

Bátìrì kékeré yẹn náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, ó rí bíi kọ́bọ̀ tó fẹ̀, òun ló ń rántí ohun tí ẹ yí nínú BIOS nígbà tí iná kò sí. Bó bá ti kú nínú désítọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó gbé e délé, wọ́n á mú iná lọ lóru. Tó bá di àárọ̀, déètì á ti padà sẹ́yìn, SATA á ti padà sí AHCI tàbí RAID, XP á sì fi ojú búlúù 7B kí yín káàárọ̀. Ọlọ́jà á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Torí náà, ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ okùn iná kúrò lára ògiri fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tún un tàn, kí ẹ wo aago.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni kọ̀ǹpútà fẹ́ darí, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju processor lọ. Wọ́n ń ta okùn USB sí parallel (ihò gbọọrọ tí printer àtijọ́ ń lò) fún àwọn oní-CNC. Printer nìkan ni okùn yẹn wà fún. Mach3, software tó ń darí CNC, tó bá ń lo parallel port kò ní bá a sọ̀rọ̀, dongle parallel, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí software kan ń béèrè kó tó ṣí, náà kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ihò parallel (LPT) gidi ni kí ẹ wá, bí irú èyí tó wà lẹ́yìn OptiPlex 780. Driver parallel ti Mach3 kò sì ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit, nítorí náà 32-bit ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i. Software tó ti pẹ́ débi pé 16-bit ni kò ní ṣí rárá lórí 64-bit.

Okùn USB sí serial ṣeé lò, ṣùgbọ́n ayédèrú PL2303, chip inú okùn náà tí ilé-iṣẹ́ Prolific ń ṣe, pọ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀. Driver Prolific tuntun máa ń dá wọn mọ̀, á sì kọ̀ wọ́n: àmì ìyanu á yọ, "This device cannot start. (Code 10)". Okùn tó ní chip CH340 kì í fa irú ìjà yẹn. Ohun tó dáa jù ni ihò serial gidi, ó sì wà lẹ́yìn 7010 ti 2012 àti 8300 Elite. Ẹ gbé dongle àti okùn ẹ̀rọ yín dání lọ sọ́jà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé software náà lọ pẹ̀lú, kí ẹ ṣí i níbẹ̀.

Ìwé-àṣẹ Windows náà ń kọ́? Nínú Windows 7, ẹ kọ slmgr /xpr sínú Run. Bí ó bá dá ọjọ́ fún yín, ó lè jẹ́ ti ìdánwò ni wọ́n fi síbẹ̀: 30 ọjọ́ ni, ó sì ṣeé sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta péré. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ á di dúdú, á máa pariwo pé kì í ṣe ojúlówó. Bí ó bá ní "permanently", ó ṣì lè jẹ́ loader, ètò kékeré tó ń ṣe bíi pé ìwé-àṣẹ wà, ni wọ́n fi tàn án jẹ, àwọn loader yẹn kì í sì í sábà dá nìkan wá. Ẹ wo abẹ́ láptọ́ọ̀pù tàbí inú ihò bátìrì rẹ̀ bóyá sítíkà Windows 7 tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 wà níbẹ̀.

Nípa íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: Microsoft ti jáwọ́ nínú XP láti oṣù kẹrin ọdún 2014, nínú Windows 7 láti oṣù kìíní ọdún 2020. Chrome 109 sì ni Chrome ìkẹyìn tó wọ Windows 7. Ẹni tó bá ní ẹ lè máa fi ẹ̀rọ kan náà ṣe báǹkì kò fẹ́ràn yín.

Lórí rìsíìtì, ẹ má gba "1 HP laptop, sold as seen". Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ módẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ tán pátápátá, nọ́ńbà processor bó ṣe wà nínú BIOS, serial number, Windows tó wà lórí rẹ̀ àti bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit, ihò tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á, "BIOS kò ní pásíwọ́ọ̀dù", àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà bí software yín bá kọ̀ láti ṣí. Ẹ ya àwòrán ojú BIOS àti Device Manager nígbà tí ẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí déètì òní hàn nínú rẹ̀.