Àpótí káàdì a-b-d tí wọ́n ń tà n'Ílọrin: ẹ tún un ṣe kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án

Àpótí aláwọ̀ ewé kan wà lórí àtẹ àwọn ońtàwé l'Ọ́jà Ọba àti ní Táíwò báyìí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: káàdì lẹ́tà, ṣáàtì ara ògiri, àti ìwé kékeré olójú ewé 16. ₦3,500 ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá mọ ọjà ná á gbé e ní ₦3,000. Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sí lára páálí rárá. Ojú olùkọ́ pámárì wọ́ọ̀nù la fi yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lè tipasẹ̀ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀, àbí yóò kàn máa kọ a-b-d lórin?

Káàdì ló dáa jù níbẹ̀. Páálí rẹ̀ nípọn, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sì lò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà kékeré lọmọ máa bá pàdé jù nínú ìwé. 25 ni wọ́n, bó ṣe yẹ, gb sì dá dúró lórí káàdì tirẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Níbi tí wọ́n bá ti pín in sí g àti b, "gbá" á di "gí-bí-á" lẹ́nu ọmọ, á wá máa wá fáwẹ̀lì tí kò sí láàárín méjèèjì.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi síbẹ̀. Fáwẹ̀lì kan náà sì máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ wa: ọmọ, ẹsẹ̀, ewé, ìdí, àlá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ jù, "bàbá", kò ṣeé tò pẹ̀lú àpótí yìí. Àmọ́ kò tó ohun tí à ń ra àpótí kejì sí. Ẹ gé páálí Indomie sí ìwọ̀n káàdì wọn, kí ẹ fi méjì-méjì kún fáwẹ̀lì méjèèje, kí ẹ sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún b, d, k, l àti m. Káàdì 19 nìyẹn. Máákà ni kí ẹ fi kọ ọ́, bírò á ṣá. Kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù fẹ̀ǹfẹ̀ bo ojú gbogbo wọn, torí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà ló ń bọ̀ wá bá wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ẹ, ọ àti ṣ jáde. Nínú àpótí mìíràn, àmì ìsàlẹ̀ wọn ti jìnnà sí lẹ́tà bíi pé ó já bọ́. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni kò gba àmì wa dáadáa. Bó bá jìnnà, ọmọ á rò pé àmì ìdánudúró ni. Ẹ fi máákà tẹ òmíràn mọ́ ìdí lẹ́tà gan-an, kí ẹ fi funfun pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Àwòrán ẹ̀yìn káàdì ṣe déédéé: gèlè, gbágùúdá, pẹ́pẹ́yẹ. Àfi ti u. Agbòòrùn ni wọ́n yà síbẹ̀, torí "umbrella". Ọmọ tó bá rí i á ní "a", ó sì jàre. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi u bẹ̀rẹ̀. Ará Èkìtì ló lè sọ pé "ulé" òun. Ẹ ya iṣu, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ bo agbòòrùn, kí ẹ kọ "iṣu" sí i, kí u ìparí sì pupa.

Kò sí àmì ohùn lórí káàdì, a ò sì bá wọn jà sí i, torí ọ̀rọ̀ ló ń ní ohùn, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlá, kí ẹ fa mẹ́fà bí àmì ohùn òkè (´), mẹ́fà bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ (`). Ohùn àárín kò nílò ohunkóhun. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi dò-re-mí kùn ún lẹ́nu, kó tó gbé bébà sórí fáwẹ̀lì. Ọ, k, ọ mẹ́ta péré yìí á fún un ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ ọ ní orúkọ àmì, kí etí tó gbọ́ ìyàtọ̀, àbá lásán ni yóò máa dá.

Níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń lọ ilé-kéú kó tó dé ilé-ìwé. Ìyẹn wúlò ju bí àwọn tíṣà kan ṣe rò lọ. Ẹni tó ti mọ̀ lórí wàláà pé àmì tóótó ló ya "bá" sọ́tọ̀ sí "tá", tó sì mọ̀ pé ìlà kékeré orí háráfì tàbí abẹ́ rẹ̀ ló ń yí ìró fáwẹ̀lì padà, kò ní í bẹ̀rù ẹ àti ọ. Ẹ fi ṣàpẹẹrẹ fún un. Ibi tó ti lè kọsẹ̀ ni pé ọ̀tún ni kíkà Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè to "ilé" kó di "eli". Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá òsì tábìlì, kó mọ ibi tí ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kékeré náà ò burú tán, ṣùgbọ́n ojú ewé kẹta ni "Baba lo si oko". Kò sí àmì kankan. "Lo" kọ́ ni "lọ". Ẹ kọ àmì sí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kí ọmọ tó gbà á. Ó tún kó lẹ́tà jọ láti ojú ewé àkọ́kọ́, bí ẹni pé ọmọ ti mọ gbogbo rẹ̀. Ètò tiwa rèé: i, a, l, d lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, fún ilá, idà àti àlá; e àti k lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ á sì ka "Adé dé ilé" fúnra rẹ̀; ọ àti m lọ́sẹ̀ kẹta. B di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, torí òun àti d jọra lójú. Ẹ má kọ́ ọ ní e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ lọ́sẹ̀ kan náà. Ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ tó, ọmọ márùn-ún sí àpótí kan. "Lá" ni kó pè lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe "lí-á, lá".

Ní ti ṣáàtì, c wà lórí rẹ̀, gb kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì fẹ̀. Ẹ pín ẹ̀yìn náà sí ìlà 18 fún kọ́ńsónáǹtì àti òpó 7 fún fáwẹ̀lì. Ojú 126 nìyẹn, kí ọmọ máa kọ ba, bẹ, bi sí i bó bá ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wá lẹ̀ ẹ́, kí a-b-c iwájú rẹ̀ máa wo ògiri.