Global Solar Atlas lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilẹ̀ oko iná oòrùn ní Èkó

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ láti fi ṣe oko iná oòrùn ní apá Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì yóò gbọ́ orúkọ Global Solar Atlas lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ sólà láìpẹ́. Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀fẹ́ ni, Báǹkì Àgbáyé ló gbé e jáde ní ọdún 2017 nípasẹ̀ ètò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná tó ń jẹ́ ESMAP, ilé iṣẹ́ Solargis ti orílẹ̀-èdè Slovakia ló sì ṣe ìṣirò inú rẹ̀. Ní Yábàá tí mo ti ń bá àwọn oníbàárà yẹ ilẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, òun ni a máa ń kọ́kọ́ ṣí kí ẹnikẹ́ni tó náwó ọkọ̀ lọ sí orí ilẹ̀. Mo gba tirẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń dáhùn kọ́ ló le jù fún ará Èkó.

Bí ẹ bá tẹ ibì kan lórí máàpù náà, yóò sọ iye oòrùn tó ń bọ́ sí ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún, iye iná tí a lè retí lórí kìlówáàtì pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí ó ti yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì dà gẹ̀rẹ́ tó, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń móoru tó, àti bí ilẹ̀ náà ti ga tó. Àwòrán tí sátẹ́láìtì ti ń yà láti ọdún 1994 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ti apá Áfíríkà wa yìí, nítorí náà, ọdún kan tí òjò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò lè da ìṣirò náà rú. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni àtẹ oṣooṣù. Níbẹ̀ ni oníbàárà ti máa ń fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìkùukùu àsìkò òjò, pàápàá láti oṣù Òkúdù títí dé oṣù Ògún, ń dín iná kù ní Èkó, àti pé iye iná tí ẹni tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì fún un kà sí i létí lè jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

Ó tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Ẹ lè yan irú oko tí ẹ fẹ́: ti òrùlé ilé, ti òrùlé ilé iṣẹ́ ńlá, ti orí ilẹ̀ gbalasa, tàbí èyí tó léfòó lórí omi. Ní ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ àti omi rẹ̀ lápapọ̀ kò ju 3,577 kìlómítà níbùú lóròó lọ, tí omi sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, ti orí omi yìí máa ń tètè fa ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú omi lásán ni máàpù náà rí lórí Ọ̀sà. Kò rí àwọn apẹja Mákòókò, kò rí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àwọn tó ń wa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí máàpù náà, ẹ ó rí i pé àwọ̀ tó ń fi iye oòrùn wọn hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Láti Èkó dé Kàtsínà ni ìyàtọ̀ ti ń hàn kedere, nítorí pé bí a ti ń lọ sí òkè Ọya ni ìkùukùu ń dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ń gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, asẹ́ tí ojú rẹ̀ tóbi ni Global Solar Atlas jẹ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ ló ń gba ojú rẹ̀ kọjá.

Èyí ni mo ṣe ka àǹfààní tó fún wa láti gba ìṣirò orílẹ̀-èdè odindi sórí kọ̀ǹpútà sí ohun tó dára jù nínú rẹ̀. A máa ń gbé e sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to máàpù léra, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, a ó sì to àwọn máàpù mìíràn lé e lórí: ti bí ilẹ̀ ti ga tó, ti irà àti igbó, ti ojú pópó àti wáyà iná láti inú OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń yà fúnra wọn. Mẹ́gáwáàtì kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kìlówáàtì, ń fẹ́ tó hẹ́kítà kan sí méjì, nítorí náà, bí a bá yọ irà, ilẹ̀ tí omi ń yà sí àti ibi tí ilé ti kún kúrò fún ẹni tó fẹ́ ṣe mẹ́gáwáàtì mẹ́wàá, ìwọ̀nba ni yóò kù tí kò já sí wẹ́wẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà ńlá tó ń ti ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin bọ̀ tàn yín jẹ. 330 kìlófóòtì (kV) ni agbára iná inú èyí, oko kékeré kò lè so mọ́ ọn. Wáyà 33 kìlófóòtì ni irú oko bẹ́ẹ̀ nílò, púpọ̀ nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì tíì yà sórí OpenStreetMap, àfi kí ènìyàn lọ wò ó.

Ti ẹni tó ni ilẹ̀ ń kọ́? Kò sí máàpù ọ̀fẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti wà, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú tiwọn. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àlàúsá kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ó má lọ jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé.

Fún afẹ́fẹ́, Global Wind Atlas tí yunifásítì DTU ní Denmark ṣe wà, ó sì ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn títí dé 200 mítà sókè. Ẹ wò ó fún Jọ́ọ̀sì tàbí Kàtsínà; ará Èkó kò ní í pẹ́ níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ òrùlé ilé yín ní Súrùlérè ni ẹ fẹ́ to pánẹ́ẹ̀lì sí, Global Solar Atlas nìkan tó yín, bí ẹ bá ti rántí pé kò ka òjìji ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mọ́ ìṣirò. Ẹni tó fẹ́ yá owó báǹkì fún oko ńlá ní láti mọ̀ pé ìwádìí àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe máàpù yìí fún. Kí ó ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí yóò máa wọn oòrùn lórí ilẹ̀ náà gan-an fún ọdún kan, ó kéré tán.