Mini PC tí ò ní káàdì gíráfíìkì: ó gbádùn, àmọ́ owó ẹ̀ le

Ẹ gbọ́ o, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lo mini PC kan (kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì), Ryzen AI Max+ 395 ni chip inú ẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà), èyí tí AMD gbé jáde ní 2025, kò sí káàdì gíráfíìkì kankan (ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) níbẹ̀ o, Radeon 8060S tó wà lára chip náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Géèmù tó wúwo ń lọ geerege ní 1080p (ìwọ̀n àwòrán Full HD). Compute unit 40 (àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò àwòrán) ló ní, ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ mẹ́mọ́rì ẹ̀ sì fẹ̀ tó 256-bit, ìlọ́po méjì ti láptọ́ọ̀pù tá a mọ̀.

Èyí tó ní mẹ́mọ́rì (RAM) 128GB ni mo rà, torí model AI tí mo fẹ́ máa lò lórí ẹ̀, mo yọ 96GB sọ́tọ̀ fún gíráfíìkì, bẹ́ẹ̀ mẹ́mọ́rì RTX 5090, káàdì gíráfíìkì ńlá ti NVIDIA, gan-an ò ju 32GB lọ (lóòótọ́ ìyẹn yára jù ú lọ fíìfíì).

Àmọ́ fáànù tèmi yìí! Tí n bá ti ṣí géèmù báyìí, ṣe ló máa ń hó bí ìkòkò orí iná. Wọ́n tún jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, o ò lè fi kún un láéláé. Ẹni tó jẹ́ géèmù nìkan ló ń wá, kó yáa ra láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì tiẹ̀. Bó ṣe wọ́n tó yìí, àwa aláriwo AI nìkan ló máa rà á, àfi tí wọ́n bá já owó ẹ̀ wálẹ̀.